Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì Bàbá Rẹ

Ọmọ mi Marvalyn,

Báwo ni Kingston, báwo ni ẹ̀kọ́, ṣé ò ń rí iṣu gidi jẹ níbẹ̀? Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí mi sí láti kọ ìwé yìí yóò dá tìrẹ náà sí láti kà á. O ní o kò tíì mọ ẹnikẹ́ni nílé tí ẹ ń gbé. Ṣáà máa kí wọn láràárọ̀; ẹni tí kò dáhùn lónìí lè dáhùn lọ́la. Ewúrẹ́ pupa ti bí ìbejì, àwọn méjèèjì sì jọ Maas Cebert, aládùúgbò wa, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń ké.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé láti kékeré rẹ ni egbò yẹn ti wà lókè ọrùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, a fi ewé sí i, a fi eérú sí i, Maas Cebert sì ní òkú ló fi pàṣán nà án. Lẹ́yìn tí o lọ ni dókítà sọ pé bí kò bá jiná, wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà. Bàbá rẹ lọ jókòó sáàárín ebè iṣu rẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù. N kò kọ ọ́ sí ọ, kí o má baà fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Dókítà ní ká kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó jẹ́ pé egbò tó kọ̀ tí kò jiná nìkan ni iṣẹ́ wọn. Nọ́ọ̀sì Pinnock ló gbà wá. Ó kúnlẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ yẹn, kò sì yínmú rárá. Ó wẹ̀ ẹ́, ó wá fi báńdéèjì funfun dì í, ìpele lórí ìpele, láti ìka ẹsẹ̀ dé orúnkún, ó fún un pinpin, ó ní ká má tú u títí a ó fi padà wá.

Marvalyn, o mọ̀ mí nídìí aṣọ funfun. Nígbà tó máa fi di Sátidé, erùpẹ̀ pupa ti ba aṣọ náà jẹ́, ọjọ́ ìsinmi sì ń bọ̀. Ṣé kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá máa wo ọkọ mi nínú ìdọ̀tí ni? Mo tú u, mo fọ̀ ọ́, mo fi búlúù sí i, mo sá a lórí òkúta nínú oòrùn, mo fi sítáàṣì gbágùúdá sí i, mo lọ̀ ọ́, mo sì dì í padà. Ó le bí ọrùn ẹ̀wù àlùfáà. Gbogbo ìjọ ló yìn mí. Kó tó di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ti wú bíi gbẹ̀rẹ̀fútù.

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan sítáàṣì náà, ó wò mí. "Miss Icilda," ó ní, "aṣọ kọ́ loògùn. Fífún tó fún mọ́ ẹsẹ̀ loògùn, ẹ sì ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ dànù." Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ̀kalẹ̀ tí kì í gòkè mọ́, bí omi tó dúró sídìí ebè tí iṣu fi ń jẹrà, aṣọ yẹn ló ń tì í gòkè. Ọ̀rọ̀ iṣu ni mo gbọ́ yé. Mo sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ìfọṣọ náà dára púpọ̀ ṣá o. Láti ìgbà náà, àpò funfun ni mo rán tí a ń fà bò ó lọ́jọ́ ìsinmi.

Nígbà tí òjò gé ọ̀nà, Nọ́ọ̀sì ní ká fi ẹsẹ̀ náà han òun nínú fóònù. Bàbá rẹ wẹ̀, ó wọ kóòtù, nítorí ó ní Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá sílé wa. Èmi fi bérọ́ọ̀mù, ọtí olóòórùn dídùn tí mo fi ń pa iwájú orí, nu fóònù náà dáadáa. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá egbò náà ń rùn. Mo ní kí òun gan-an gbóòórùn rẹ̀ kó sọ. Ó ní òórùn kankan ò dé ọ̀dọ̀ òun. Bérọ́ọ̀mù yẹn dára.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì náà. Egbò náà ti pa ẹnu dé, awọ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹnu ọmọ ewúrẹ́ tuntun. Bàbá rẹ tẹ̀ba, ó wò ó títí. "Tèmi nìyí?" ni ó sọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Pinnock rọ láé. Ìbọ̀sẹ̀ tó fún pinpin ni yóò máa wọ̀ báyìí. N kò ní fi sítáàṣì sí i.

O rántí bàtà tó rà nígbà ìrìbọmi rẹ? Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń wọ̀ láti ìgbà náà. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó fa ti òsì yọ lábẹ́ ibùsùn, bébà ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ń dún kíín-kíín títí dé orí ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Maas Cebert ní bàtà kan ń lọ síbi ìgbéyàwó, ìkejì ń ti oko bọ̀. Bàbá rẹ ṣáà ń rìn ní tirẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí nǹkan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ, bá a ra bàtà dúdú, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, ti òsì ṣì tuntun. Bí wọn kò bá tà á lẹ́yọ, wá ẹnì kan ní ìlú ńlá yẹn tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ òsì nìkan ló kù fún un, kí ẹ jọ rà á. Bá wa kí i dáadáa, jókòó tì í díẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí bàbá rẹ náà di ẹlẹ́sẹ̀ kan bíi tirẹ̀.

Kí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì gbé ọ wálé láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Icilda