Láptọ́ọ̀pù Tí Bàbá Máa Fi Sọ̀rọ̀

Ẹtì, 6 Oṣù Kẹwàá, 2023

Mo bẹ̀rẹ̀ lónìí. Línúùsì, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni mo fẹ́ fi sórí láptọ́ọ̀pù Bàbá. Olóríkunkun ni mo sọ ọ́. Àwọn tó ṣe é ti pa á tì, wọn ò fi nǹkan tuntun ránṣẹ́ sí i mọ́, bó bá ṣí báyìí, á tún kú. ARM ni wọ́n ń pe irú ọkàn tó wà nínú rẹ̀ — ọkàn fóònù nínú ara láptọ́ọ̀pù. Ìdí nìyẹn tí Línúùsì tí gbogbo ayé ń lò ò fi wọ inú rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Àmọ́ òun nìkan ni Bàbá lè lò. Láti oṣù Kẹfà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú ni ohùn rẹ̀ ti lọ. Ọwọ́ ọ̀tún kú, tòsì ń gbọ̀n, bírò ò dúró níbẹ̀. Lórí fóònù, ńṣe ló ń tẹ lẹ́tà mẹ́ta pọ̀. Bọ́tìnnì Olóríkunkun tóbi, wọ́n sì le, ìka rẹ̀ mọ̀ wọ́n láìwò. Ó ṣe tán, iṣẹ́ táípù ló fi ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ìlú wa, Ottapalam. Ètò kan wà nínú Línúùsì tó máa ń ka Malayalam, èdè wa, sókè. Bàbá á tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á sọ ọ́. Ohun tí mò ń wá ò ju ìyẹn lọ.

Títí dìgbà náà, Màámi lẹnu rẹ̀. Bàbá ní ẹ fún òun ní kanji, omi ìrẹsì rẹ̀. Bàbá ní ẹ ti fèrèsé. Bó ṣe pè mí ní Bengaluru tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: "Bàbá ẹ ní kó o padà wálé, kó o wá dúró tì wá." Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn náà.

Àbámẹ́ta, 7

Mo fi sí i. Ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri.

Ìṣẹ́gun, 10

Dúdú. Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo tún un fi sí. Dúdú.

Mo pe Sajimon tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ibùdókọ̀. A jọ kàwé, kò bọ̀wọ̀ fún mi rárá. Ó ṣàlàyé: irú láptọ́ọ̀pù yìí ò lè dá ara rẹ̀ mọ̀, àfi kéèyàn kọ ọ́ fún Línúùsì pé ibi báyìí niná ojú rẹ̀ wà, ibi báyìí ni bọ́tìnnì wà. Kò sẹ́ni tó kọ ti Olóríkunkun rí. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jáde ṣáájú ni mo yá lò. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Vrinda, o wọ ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n fún àbúrò, o wá ń bínú pé ó ń jábọ́."

Mo gbé fóònù sílẹ̀ mọ́ ọn létí.

Ọjọ́bọ̀, 12

Bàbá jókòó tì mí ní ìdí tábìlì. Mo ní, "Bàbá, ẹ ní sùúrù, ẹ máa tó sọ̀rọ̀, inú yín á dùn pé mo wá." Ó ń mi orí, ó ń mi orí. Màámi ní àìsàn ló ń mì ín. Ó ní Bàbá ní kí n dìde, kí n lọ jẹun.

Àìkú, 15

Ara mi ò tíì balẹ̀. Iná lọ lọ́sàn-án, òjò ṣú, ilé ṣókùnkùn. Ìṣó kékeré kan tí mo tú lára ẹ̀rọ já bọ́ lọ́wọ́ mi, mo tan tọ́ọ̀ṣì kí n wá a. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú Olóríkunkun kọjá — mo rí lẹ́tà.

Lẹ́tà. Ó rí bàìbàì, àmọ́ lẹ́tà ni. Ó ń béèrè orúkọ mi.

Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń ṣiṣẹ́! Iná ojú rẹ̀ nìkan ni kò tàn. Mo pa á rẹ́, mo tún un ṣe, mo bú ìyá tó bí i, òun sì ti jí, ó jókòó sínú òkùnkùn, ó ń dá mi lóhùn, mi ò rí i. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Sajimon, kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Vrinda, alààyè lo ti ń sin látọjọ́ yìí."

Àbámẹ́ta, 21

Ó tàn! Iná tiẹ̀ wà níbòmíràn, kò sí níbi tí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Mo yí i padà, ojú ẹ̀rọ funfun báláú. Bọ́tìnnì ń ṣiṣẹ́. Ó ku ohùn.

Àìkú, 22

Mo fi í sílẹ̀ kó máa gba ètò ohùn wọlé, mo lọ wẹ̀. Mo dé, tábìlì ṣófo.

Durgashtami ni, ọjọ́ tá a máa ń gbé ìwé àti irinṣẹ́ síwájú òrìṣà kí wọ́n lè sinmi. Ó ti fò mí lórí pátápátá. Màámi ti gbé e wọ yàrá àdúrà, ó tò ó mọ́ ìwé ilé, ìwé táípù Bàbá, àdá, síṣọ́ọ̀sì. Ó ti fi chandanam, àtíkè igi olóòórùn dídùn tí wọ́n pò, kùn ún lórí, ó gbé òdòdó lé e.

"Màámi, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí bátìrì bá kú sí i lẹ́nu, ó lè bà jẹ́."

"Gbogbo irinṣẹ́ ilé yìí ló ń sinmi. Kí ló dé tí tìrẹ fi yàtọ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n kàn pa á dáadáa."

"Bàbá ẹ náà ní ká gbé e síbẹ̀."

Èmi tí mo máa ń ní mi ò gba nǹkan wọ̀nyẹn gbọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò wọlé. Ó yà mí lẹ́nu gan-an.

Ajé, 23

A ò gbọdọ̀ kàwé lónìí, a ò gbọdọ̀ kọ̀wé — èyí tí mò ń kọ yìí gan-an, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ìṣẹ́gun, 24

Vijayadashami, ọjọ́ tá a ń kó wọn jáde, tá a sì ń bẹ̀rẹ̀ ìwé lákọ̀tun. A wẹ̀, Màámi ṣílẹ̀kùn, a fi ìka kọ Hari Sri, ọ̀rọ̀ àdúrà tí ọmọdé fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé, sórí ìrẹsì. Bátìrì ti kú lóòótọ́. Mo fi í sí iná. Ó tàn. Mo tẹ "Amma", ìyá lédè wa. Ẹ̀rọ sọ ọ́ sókè, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń kéde ọkọ̀ ojú irin. Ẹkún gba Màámi. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e sórí itan Bàbá.

"Ẹ kọ Hari Sri," ó ní, "kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀."

Bàbá ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́. A dúró.

Ẹ̀rọ ní: "Vrinda, kí ló dé tó o fi iṣẹ́ sílẹ̀? Mi ò ní kó o wá."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ó tún tẹ̀: "Mo ti ń mi orí láti oṣù Kẹfà."

Mo wo Màámi. Kò wò mí. Ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu chandanam tó gbẹ sára ẹ̀rọ, ó nu, ó nu. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò bínú.

"Tí mo bá ní èmi ni mo fẹ́ kó o wá, ṣé o máa wá?"

Bàbá gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnnì. Àwọn méjèèjì ń wò mí.  Ó ti di ìrọ̀lẹ́ báyìí, mi ò tíì dá Màámi lóhùn.