Lẹ́tà sí Rhonda Lórí Marquell Tó Gba Ẹnubodè Lọ

Pruitt Fork, Kentucky,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Ẹrẹ́nà.

Rhonda ọmọ mi,

Èmi bàbá rẹ ló ń kọ̀wé yìí nídìí tábìlì ilé ìdáná, ìyá rẹ sì dúró lẹ́yìn mi, ó ń ka gbogbo ohun tí n kò gbọ́dọ̀ gbàgbé sí mi létí. A kí ọ kú òtútù, a kí ọ kú iṣẹ́, a kí ọ kú ìnira ọkọ̀ ojú irin tí o máa ń wọ̀ láàárọ̀. Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe mọ́ yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí òrùlé ilé màlúù wa wó nígbà tí yìnyín gorí rẹ̀, òun náà ni yóò máa gbé ọ ró nínú ìlú tí ilé ti ga ju igi lọ. Àmín.

Ní ti ilé, dáadáa la wà. Ìbàdí ìyá rẹ ti sàn débi pé ó ń gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù dé ìlà kọkànlá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń sinmi lójú ọ̀nà. Pásítọ̀ Eubanks ra bàtà tuntun, ó ń dún bó bá ń wàásù. Wendell Cobb, aládùúgbò wa tó ti ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi nídìí bọ́ọ̀lù láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bá mi yan odì fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n màá débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Marquell Odom ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo mọ̀ pé o máa ń sọ lórí fóònù pé bọ́ọ̀lù lásán ni, pé kí n gbàgbé ẹ̀. Rhonda, kì í ṣe bọ́ọ̀lù lásán. Jẹ́ kí n mú un láti orísun kó lè yé ọ.

Ọmọ Memphis ni Marquell, ó ga débi pé bó bá dúró níwájú fèrèsé, a óò tan iná. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló ń gbá fún Kọ́lẹ́ẹ̀jì Haldane wa níbí. Ní èṣín, bí mo ṣe ń lọ ra oúnjẹ màlúù, mo ṣàdédé rí i lórí pátákó gàgàrà kan lẹ́bàá títì, ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fa aṣọ bora dé àyà, ó dijú, ọ̀sán gangan. Mo ní ha, àìsàn ti wọlé sí ọmọ yìí lára, wọ́n sì ti gbé e sójú títì kí gbogbo ayé lè bá a gbàdúrà. Mo yí ọkọ̀ padà, ó di ilé Pásítọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ kúnlẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀, Arábìnrin Verna sunkún títí ó fi ní kí wọ́n fún òun ní omi. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, èmi àti ìyá rẹ gbé ẹ̀wà, búrẹ́dì àgbàdo àti adìyẹ díndín lọ sí ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wa lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, bisikíìtì lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ ní ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run tí kì í pẹ́ dáhùn.

Ó wá ṣàlàyé fún wa pé òun ò ṣàìsàn, pé wọ́n ti fàyè gba àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí láti fi orúkọ wọn, àwòrán wọn àti ìrísí wọn pawó, òun sì ti ta tòun fún ọkùnrin kan tó ń ta bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ yẹn kó mi láyà sókè. Mo bi í pé bó bá ti ta orúkọ ẹ̀, kí la ó wá máa pè é? Mo tún bi í pé bó bá ti ta ìrísí ẹ̀, ṣé ó tọ́ kí n máa wò ó lójú báyìí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó rà á? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní Bàbá, orúkọ òun ṣì wà lọ́wọ́ òun, oníbẹ́ẹ̀dì kàn yá a lò ni. Mo ní ó dáa, kí ọkùnrin náà dá a padà ní mímọ́ bó ṣe gbà á.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí Marquell kì í jẹun nílé wa. Á tẹrí ba kó tó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kọjá, á jẹ àwo mẹ́ta, á wá gbé koríko gbígbẹ sórí àjà fún mi láìlo àkàbà. Màmá Opal ló ń pe ìyá rẹ. Ọdún yẹn la na gbogbo ẹni tó yẹ ká nà. Wendell sọ ọmọ màlúù rẹ̀ ní Marquell, ó sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn.

Bí oṣù Igbe ṣe wọlé, rédíò sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé Marquell Odom ti wọ ẹnubodè. Ohun tí wọ́n sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Wendell pè mí, ó ní ó ti parí, ọmọ yìí ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn, ẹnubodè yẹn ni àwọn agbábọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ pààrọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gbà. Mo rò ó pé wọ́n ti kọ́ ẹnubodè tuntun kan sẹ́yìn gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù tí a kò tíì rí. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ gba ẹnubodè kọjá, ó yẹ kí ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí yóò dì í lápá mú. Mo gbé àga àti kọfí mi, mo lọ. Mo yí gbọ̀ngàn náà po lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnu ọ̀nà mẹ́fà ló ní, wọ́n ti ọ̀kan pa, wọ́n ń gba ọ̀kan kó ìdọ̀tí jáde. Mo jókòó sẹ́nu èyí tí mo fura sí jù.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọbìnrin kan jáde láti inú ọ́fíìsì, ó ní Bàbá, ta ni ẹ ń dúró dè? Mo sọ fún un. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, inú kọ̀ǹpútà ni ẹnubodè yẹn wà, ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ lọ ti ń forúkọ sílẹ̀. Ó mú mi wọlé, ó sì fi kọ̀ǹpútà náà hàn mí. Rhonda, kò nípọn ju Bíbélì ìyá rẹ lọ. Mo ní ọmọ tó ń tẹrí ba kó tó wọ ilé ìdáná wa, báwo ló ṣe wọ inú èyí? Ó fi orúkọ àwọn tó ti wọ ibẹ̀ hàn mí, wọ́n pọ̀ bí orúkọ inú Ìwé Númérì. Mo bi í pé ta ló ń bọ́ wọn níbẹ̀. Ó bá mi gbé àga mi dé ìdí ọkọ̀.

Marquell fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Àwo kan ló jẹ. Ó ní òun fẹ́ kí a gbọ́ ọ lẹ́nu òun, òun ń lọ sí yunifásítì ńlá kan ní Ṣikágò, níbi tí ìwọ wà yẹn. Ó dárúkọ owó tí wọ́n máa san fún un, ọ̀kẹ́ ogún dọ́là. Mo bi í pé ṣé gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ló máa pín in, fún ọdún mẹ́rin. Ó ní rárá, òun nìkan ni, fún ọdún kan. Ìyá rẹ bu ẹ̀wà sórí àwo tí ẹ̀wà ṣì kún inú ẹ̀. Ó wá ní Màmá Opal, ẹ má bínú sí mi, ìyá mi ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Memphis láti alẹ́ dé ìdájí, ọdún kẹtàdínlógún rèé, mo sì fẹ́ kí ó máa sùn nígbà tí èèyàn ń sùn. Ìyá rẹ dìde, ó lọ di adìyẹ tó kù fún un.

Lẹ́yìn tó lọ, àwọn ará kọ́lẹ́ẹ̀jì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí gbogbo àwa tá à ń wòran, pé kí a máa dáwó lóṣooṣù kí àwọn ọmọ tó kù má baà tún lọ. Mo fẹ́ràn ìyẹn, ó jọ àjọ. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ọ̀nà tí màá gbà san án, mo kọ ọ́ pé itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ kan nígbà Kérésìmesì àti ìlàjì màlúù nígbà ìkórè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí lórí fóònù, ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà tó wà lára káàdì mi. Mo wo gbogbo káàdì Kérésìmesì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ọdún tí ìyá àgbà kú, kò sí nọ́ńbà lára ìkankan. Mo mú èyí tó ní àgùntàn lára, mo fi ránṣẹ́ sí i. Wọn ò pè mí mọ́.

Lọ́dún yìí, ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́tàlá tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa ló jẹ́ àlejò. Mo kọ orúkọ wọn sí àtẹ́lẹwọ́ kí n lè mọ ẹni tí mò ń pàtẹ́wọ́ fún, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń pàtẹ́wọ́ ni orúkọ ń pa rẹ́.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, yunifásítì Marquell wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù. Wendell ti kìlọ̀ fún wa pé bó bá ti jáde, gbogbo wa la máa hó lé e lórí, ẹni tí kò bá hó, ọ̀dàlẹ̀ ni. Mo ṣèlérí. Mo tiẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́rin kọ́ bí wọ́n ṣe ń hó nínú ilé màlúù, wàrà sì dínkù lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí Marquell jáde, ariwo náà pọ̀ débi pé eyín àtọwọ́dá Wendell yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà gbójú sókè, ó wo ìlà kọkànlá. Mo dìde, mo la ẹnu mi gbàgà, ariwo sì ṣàdédé rọlẹ̀ díẹ̀, bí ó ṣe máa ń rí tí Ọlọ́run bá fẹ́ dójú ti èèyàn, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, ṣé o ti jẹun?

Gbogbo ìlà kẹsàn-án yíjú padà wò mí. Marquell bo ẹnu ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi àmì ayò mọ́kànlélọ́gbọ̀n jẹ wá níyà, a sì fi méjì pàdánù.

Bí a ṣe ń jáde, Wendell pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ níṣojú pásítọ̀. Ó ní ọmọ tó bá tìtorí owó fi ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ sílẹ̀, Júdásì ni. Mo ní Wendell, ilé iṣẹ́ tó ń ra wàrà lọ́wọ́ ẹ fún ọdún mọ́kànlélógún, ṣebí ìwọ náà fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá nígbà tí ilé iṣẹ́ mìíràn fi sẹ́ǹtì díẹ̀ lé owó wàrà náà? Ìyẹn ni odì ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó wá dá àkàbà mi padà, ó dúró lẹ́nu géètì, ó ní sẹ́ǹtì mẹ́rin ni o, kì í ṣe díẹ̀. Ó ti yí orúkọ ọmọ màlúù yẹn padà sí Júdásì, ṣùgbọ́n màlúù náà kò dáhùn sí i. Bó bá fẹ́ kó wá jẹun, Marquell náà ló ń pè é.

Ohun tí n kò sọ fún Wendell ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Nígbà tí ọsibítù Ṣikágò pè ọ́ tí wọ́n ní àwọn á san ìlọ́po méjì ohun tí ti ibí ń san, o jókòó sórí àga tí mo wà yìí gan-an, o jẹ àwo kan. A ò hó lé ọ lórí. Inú mi kò dùn, Rhonda, n kò sọ ọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n a ò hó.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, wá ọmọ náà lọ. Ó sọ fún ìyá rẹ níbi bọ́ọ̀sì wọn lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù yẹn pé àjà kọkàndínlógún ni òun ń gbé, pé inú báàgì bébà ni òun ti ń jẹun, òun nìkan. Se ẹ̀wà fún un, má fi ṣúgà sí búrẹ́dì àgbàdo náà, ọmọ ẹni kan ni.

Ohun kejì ni ti owó. Wọ́n ti sọ owó àga wa méjèèjì nínú gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù di ìlọ́po mẹ́ta nítorí owó oṣù àwọn ọmọ náà, bí a kò bá sì san án kí oṣù Igbe tó parí, wọ́n máa fún dókítà eléyín kan láti Lexington. Fi ohun tí agbára rẹ bá gbé ránṣẹ́. Má fi sínú fóònù o. Èyí tí o fi sínú fóònù lọ́jọ́sí, mo gbọn fóònù náà títí, n kò rí nǹkan kan. Inú àpòòwé ni kí o fi sí.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. O ò ní ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò mọyì rẹ. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ibẹ̀ ni yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ojú wa kò sì ní dí kí a tó rí ọ nílé. Yàrá rẹ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tuntun kan ló kàn ń sùn níbẹ̀ bí yìnyín bá dí ọ̀nà lọ́jọ́ Ìsinmi, Rihards lorúkọ rẹ̀, ará Latvia ni, mo ti kìlọ̀ fún ìyá rẹ pé kó má tíì fẹ́ràn rẹ̀ títí a ó fi mọ̀ bóyá yóò dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ kọjá bẹ́ẹ̀dì rẹ. Ìyá rẹ ti gbé àga méjì síbẹ̀, ó tẹ́ tìmùtìmù lé e.

Èmi ni bàbá rẹ,
Delmer Stiltner.