Ìborùn Tí Mo Hun fún Dúrótìmí

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Àdúgbò Ọjọ́mu,
                                        Ọ̀fà,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ kejì, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Sherifat, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Rídwàn ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Rídwàn fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé eyín iwájú tó yọ ti hù padà, àbí ẹnu rẹ̀ ṣì wà bí ilé tí wọn ò tíì fi ìlẹ̀kùn sí? Ọyẹ́ Mínà ńkọ́? Mo gbọ́ pé ti ọ̀dọ̀ yín le ju ti ibí lọ, ẹ máa fi òróró pa ọmọ lára dáadáa. Mo rí Alhaja, ìyá rẹ, ní ọjà Òjòkú lọ́jọ́ tí mo bá màmá mi lọ ra iṣu. Ara wọn le, ẹnu wọn sì le. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ò tíì gbàgbé pé o ṣèlérí láti wá kí àwọn. Èmi náà wà níbí. Ara mi le, ọkàn mi ni kò le.

Mo mọ̀ pé o ó máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Mo ti tẹ nọ́ńbà rẹ ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan, mo sì ń pa á kó tó dún. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni mo máa sun, owó fóònù á sì tán sórí ẹkún lásán. Awakọ̀ kan tó ń ná Mínà ló ní òun á bá mi mú ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ. Sherifat, Dúrótìmí ti gbéyàwó. Ó ti bímọ pàápàá. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará Ọ̀fà, nítorí tiwọn á ti ní iyọ̀ àti ata nínú.

Wá ibì kan jókòó sí, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí Tìmí ti lọ sí Kánádà láti kàwé sí i, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, Mummy Akínwándé, ni mo máa ń wà ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá ti jáde nílé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà. Àwọn náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń jókòó sí báyìí, wọ́n á máa fi òwú hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun fún títà. Èmi ni mo ń bá wọn gbálẹ̀, èmi ni mo ń bá wọn lọ ata. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, àwọn ẹbí ò sì ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu Tìmí lọ, pé bí òun bá ti rí ìwé ìgbélùú gbà, òun á wá ṣe gbogbo ètò.

Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ń pè mí ní ìyàwó, èmi náà sì ń jẹ́ ẹ. Mo tilẹ̀ ti ń sọ àwọn ará ilé ọkọ lórúkọ bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe. Ọlábámijí, àbúrò Tìmí obìnrin, ọmọ tí mo dàgbà jù lọ dáadáa, Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mò ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i. Màmá mi kìlọ̀ fún mi títí. Wọ́n ní ẹni tí wọn ò tíì gbé igbá ìyàwó rẹ̀ wá, ta ló ní kó máa sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ. Mo ní ayé ti lajú. Ẹ gbọ́ ẹni tí ayé lajú fún.

Nígbà òtútù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, Tìmí fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Yìnyín bo gbogbo ẹnu ọ̀nà ilé tó ń gbé, ó ń rìn lórí rẹ̀ bí arúgbó. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo bá sọ fún Mummy pé kí wọ́n kọ́ mi ní kíróṣè tí wọ́n ń ṣe yẹn, kí n lè fọwọ́ ara mi hun ìborùn fún un. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Mo rò pé wọ́n ń wò ó bóyá ọwọ́ mi lè gba iṣẹ́ ni.

Wọ́n fún mi ní òwú búlúù àti píìnì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. O ó ta kókó, o ó fi ẹnu píìnì fa òwú gba inú rẹ̀, ó di ojú kan. O ó tún fà á, ó di òmíràn. Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ̀wọ̀n tí mo kọ́kọ́ hun le débi pé ẹnu píìnì kò rí ojú kankan wọ̀. Mummy gbé e sókè, wọ́n ní, “Hadassah, ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ fi so ni? Dẹwọ́.” Mo dẹwọ́. Nígbà tó tún ṣe, ìborùn ń tín-ín-rín bó ṣe ń gùn. Ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ṣe ṣóńṣó lókè, mo ní òwú ló ń sún kì. Mummy ní òwú kò mọ nǹkan kan, pé ojú ìkẹyìn ni mò ń fò ní gbogbo ìgbà tí mo bá hun ún dé etí, kí n tó yí iṣẹ́ padà. Wọ́n yọ píìnì, wọ́n fa òwú, gbogbo rẹ̀ sì tú pátápátá. Ojú kan ṣoṣo ló máa ń di gbogbo iṣẹ́ yẹn mú. Bí ìyẹn bá ti já bọ́, gbogbo ohun tí o hun ti padà di òwú lọ́wọ́ rẹ.

Báyìí ni mo ṣe ń hun, tí Mummy ń tú. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ́ ọn nígbà tó yá. Mo ń ka ojú òwú lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń pé, síbẹ̀ wọ́n á ní ó wọ́ lápá kan. Wọ́n á gbé gíláàsì sójú, wọ́n á na etí rẹ̀ síbí, wọ́n á nà á sọ́hùn-ún, wọ́n á ní, “Tú u, ọmọ mi, kò tíì dára.” Mo ń tú u. Mo ní tíṣà ni tíṣà ń jẹ́, fífẹ̀yìn tì kò lè yí i padà. Wọ́n á wá bu ọ̀jọ̀jọ̀ fún mi kí n tó máa lọ ilé, wọ́n á sìn mí dé ojú títì, a ó tún dúró níbẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Inú mi ń dùn nígbà yẹn. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mi ò rí ìyá ọkọ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà Kérésì, Ọlábámijí ti Ìlọrin dé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ìdílẹ̀kẹ̀, ẹ kú ọdún.” Ó fà mí dìde, kò wo ojú mi. Ó ní, “Sister Hadassah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pe orúkọ mi.” Mo rò pé ojú ló ń tì í nítorí pé mo jù ú lọ. Mo tilẹ̀ délé, mo yìn ín fún màmá mi pé ọmọ náà ní ẹ̀kọ́. Màmá mi ṣáà ń já ẹ̀fọ́ wọn lọ. Àsìkò yẹn náà ni Mummy ń hun fìlà funfun kan, tòun ti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo bá wọn rán ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Mo bèèrè ẹni tó ni ín, wọ́n ní oníbàárà kan tó wà lókè òkun ni. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ náà lò ó pẹ́.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, ní Sátidé kan, mo parí ìborùn náà. Mo gbé e fún Mummy, mo jókòó sórí àpótí, mo ń retí kí wọ́n ní kí n tú u. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan. Wọ́n fi ọwọ́ tọ etí kan dé òpin, wọ́n tọ ìkejì. Wọ́n yí i padà, wọ́n tún tọ̀ ọ́. Wọ́n wá bọ́ gíláàsì, omi ti ń bọ́ lójú wọn. Mo rò pé ayọ̀ ni. Mo ní, “Mummy, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi o.”

Wọ́n ní, “Má fi ránṣẹ́, Hadassah. Tìmí ti gbé ìyàwó níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ìyàwó ti bí. Mo ti rí físà gbà, mò ń lọ bá wọn wẹ ọmọ.”

Mi ò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu ni pé, “Fìlà funfun yẹn ńkọ́?” Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí ló wá dé tí wọ́n fi jẹ́ kí n máa hun ìborùn. Wọ́n ní ìròyìn ìgbéyàwó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí àwọn lọ́jọ́ tí mo wá ní kí wọ́n kọ́ mi, àwọn fẹ́ sọ ọ́, ẹnu àwọn ò gbà á. Wọ́n ní, “Mo wò ó pé bí o bá ṣì ń hun ún, wàá ṣì máa wá. Ọjọ́ tó bá parí ni mo máa pàdánù rẹ.” Ohun tí gbogbo títú yẹn wà fún nìyẹn, Sherifat. Kò sí ohun tó ṣe ìborùn mi. Inú bí mi sí wọn, àánú wọn sì tún ṣe mí, mi ò mọ èyí tí mo máa mú nínú méjèèjì. Mo fi ìborùn sílẹ̀ lórí itan wọn, mo jáde. Ọlọ́kadà kan rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó ní, “Ìyàwó Tìmí, ṣé kí n gbé yín?” Mo ní ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi rìn.

Mo pe Tìmí. Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní òun rò pé Mummy ti sọ fún mi. Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òun ò fẹ́ fi fóònù sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú wo, ẹni tó wà ní Kánádà. Ọmọ ń retí kí ìyá sọ ọ́, ìyá ń retí kí ọmọ sọ ọ́, èmi jókòó sáàárín wọn, mò ń ka ojú òwú. Ó ní kí n má bínú, pé èèyàn dáadáa ni mí. Bí ọkùnrin bá ti sọ fún obìnrin pé èèyàn dáadáa ni, kí onítọ̀hún yáa máa wá báàgì rẹ̀.

Màmá mi ní àwọn á lọ bá ìyá rẹ̀ jà, wọ́n ti ń ro aṣọ mọ́ra. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ẹjọ́ wo la fẹ́ rò, nígbà tí kò sí ẹni tó tọrọ mi? Wọ́n jókòó padà, wọ́n fi orí mi lé itan wọn bí ìgbà tí mo wà ní kékeré, wọn ò sì rán mi létí pé àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ọkàn mi bàjẹ́, Sherifat. Mi ò mọ ọ̀nà míì tí mo lè gbà sọ ọ́. Nílé ìwé, ẹkún á dé nígbà tí mo bá ń kọ nǹkan sójú pátákó, màá ní eruku ṣọ́ọ̀kì ló wọ̀ mí lójú. Kì í sì í ṣe Tìmí nìkan ni mò ń sunkún sí. Ó ti pẹ́ tí Tìmí ti di fídíò. Ìyá rẹ̀ ni mò ń rí lójoojúmọ́. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ yà sí ọ̀nà ilé wọn, màá wá rántí pé mi ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Ta ni mo fẹ́ ní mo ń lọ kí? Kò sí orúkọ tí wọ́n ń pe obìnrin tí ọmọ kọ̀, tí ìyá ò sì kọ̀.

Àná ni Mummy lọ. Mo ti pinnu pé mi ò ní yọjú. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ mú láàárọ̀ débi pé a kò rí ilé iwájú wa, ni mo bá rí ara mi ní gáréèjì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti wà níbẹ̀, Ọlábámijí náà wà níbẹ̀, wọ́n ń di ẹrù sínú ọkọ̀ Èkó. Bí Mummy ṣe rí mi, wọ́n mú ìborùn jáde nínú báàgì ọwọ́, wọ́n ti fi náílọ̀n wé e. Wọ́n ní kí n gba iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo wo ọrùn wọn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, bùbá ara wọn sì fẹ́lẹ́. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo tú náílọ̀n, mo wé ìborùn náà mọ́ wọn lọ́rùn.

Wọ́n dì í mú. Wọ́n ní, “Bí wọ́n bá bi mí níbẹ̀ pé ta ló hun ún ńkọ́?”

Mo ní kí wọ́n sọ pé ọjà Ọwọ́dé ni wọ́n ti rà á.

Wọ́n ní àwọn ò lè pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fà á kó bo àyà wọn dáadáa, mo rọra ní, “Mummy, ẹ ti ń pa á láti ọdún tó kọjá. Ẹ fi ọ̀kan yìí kún un nítorí tèmi.” Wọ́n wọ ọkọ̀, ìborùn wà lọ́rùn wọn, ọkọ̀ sì lọ.

Bá mi kí Bàbá Rídwàn, ṣùgbọ́n má sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọkùnrin lòun náà, á ní kí n ní sùúrù. Gbá Rídwàn mọ́ra fún mi kó pẹ́ díẹ̀. Màmá mi kí gbogbo yín. Nígbà tí o bá ń fèsì, má bi mí bóyá mo ti gbàgbé Tìmí. Ṣáà bi mí bóyá mo ti jẹun.

                                        Èmi ṣì ni tìrẹ,
                                        Hadassah.