Wágọ̀nù Sìkírátù Dé sí Ìjòkó

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Kúbúrátù ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí, torí ẹ mọ̀ pé ẹ ò rán mi níléèwé. Ìdí wágọ̀nù rélùwéè lẹ mú mi lọ. Mi ò bínú sí i. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe wí i ni kó ṣe kọ ọ́, kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Sìkírátù ti kú. Ìyàwó tí ẹ fẹ́ fún mi, òun tó ń gbé omi gbígbóná fún yín nígbà tí ẹsẹ̀ yín ò gbé yín nílẹ̀ mọ́. Ó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kò dìde mọ́. Ṣé ẹ ti rí i níbẹ̀? Ṣé ó ti ń bá yín jà nítorí obì tí ẹ máa ń jẹ kí ẹ tó jẹun?

Ìjòkó kì í ṣe bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ mọ́. Ilé ti kún gbogbo ibi tí a máa ń sá àgbàdo sí. Ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá ti kún Ọ̀tà, yunifásítì sì ti wà lọ́nà Ìdírókò. Ní Ìyànà Ìyẹ̀sí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ ẹyin láàárọ̀, wọ́n tún ń jẹ ẹ́ lálẹ́. Adìyẹ ló ń yé e, àgbàdo sì ladìyẹ ń jẹ. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wágọ̀nù tún gbóná, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ rélùwéè tó ń bọ̀ láti òkè Ọya kò tó nǹkan mọ́.

Bí ẹ ṣe kọ́ wa náà la ṣì ń ṣe é. Nígbà òjò, tí àgbàdo ṣì wà lóko, a ó ti san àsansílẹ̀ fún ààyè wágọ̀nù. Kò sẹ́ni tó ń wò ó nígbà yẹn. Tí ìkórè bá wá dé, tí gbogbo èèyàn ń wá ohun tí wọn ó fi kó ọjà, ẹni tó ní ààyè lè kó ọjà tirẹ̀ sí i, ó sì lè tà á fún ẹlòmíì. Ẹlòmíì náà lè tún un tà. Sìkírátù mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Kò jẹ́ ra àgbàdo kó tó ní ohun tí yóò gbé e wálé. Lọ́dún yìí, ó gba wágọ̀nù kan lórúkọ ara rẹ̀. Ó kú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àgbàdo.

A ò tíì ṣe fídáù rẹ̀ tí Délé fi dé. Délé ni ọkùnrin tó ń kó oúnjẹ adìyẹ fún oko ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ará Ọ̀ṣun ni, kò tíì pẹ́ tó dé Ọ̀tà. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa.

“Ẹ kú ọ̀fọ̀, Bàbá. Kí Ọlọ́run tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ jọ̀ọ́ sà, wágọ̀nù Màmá yẹn, ẹ tà á fún mi.”

“Kì í ṣe títà.”

“Ta ló máa wá kó ọjà sí i?”

“Wàá rí wọn.”

Ẹ̀yin mọ ohun tí mo ń dúró dè. Nígbà tí ìyá mi kú, ààyè wágọ̀nù tiwọn wà nílẹ̀ ní Fúntúà lókè Ọya, níbi tí a ti ń kó àgbàdo. Ẹnikẹ́ni ò wá ná an lọ́wọ́ yín. Gbogbo oníṣòwò tó wà níbẹ̀ gbé àpò kọ̀ọ̀kan sínú wágọ̀nù ìyá mi, Háúsá, Yorùbá, títí kan ẹni tí ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀ ò jọ kí ara yín. Àgbàdo yẹn la fi bọ́ àwọn tó wá kí wa. Ẹ sọ fún mi pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kò gbọdọ̀ la ẹnu bèèrè, torí tó bá ti bèèrè, kì í ṣe ẹ̀yẹ mọ́. Ẹ wá fi ìka kan ara wágọ̀nù náà bí ẹ ṣe máa ń ṣe láti mọ̀ bóyá ó kún, ẹ fetí sí i, ẹ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, mi ò rí ẹ̀rín yín àfi ọjọ́ náà.

Kúbúrátù ní kí n jẹ́ kóun fóònù àwọn ará Fúntúà. Mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀ mí títí. Mo ní Sìkírátù kì í ṣe alágbe.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé, mo wọ agbádá. Délé ti wà níbẹ̀, àwọn alábàárù ń já ẹrù tirẹ̀. Wọ́n ṣí ti Sìkírátù fún mi. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, Bàbá. Eruku ni. Àwọn tó mọ̀ yín ní Fúntúà ti kú tán, àwọn ọmọ tó jókòó síbi wọn ò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Alábàárù kan bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá àgbà, ṣé atẹ́gùn lẹ lọ rà lókè Ọya ni? Ẹ jẹ́ ká bá yín já a o, kò lè wúwo!”

“Ẹ dákẹ́ jàre!” Délé ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. “Ti ìyàwó Bàbá tó kú ni.” Ó wá sún mọ́ mi. “Bàbá, ẹ̀gbẹ́ wágọ̀nù yìí ni mo ti kó ọjà tèmi ní Fúntúà. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ṣé àpò kan ló máa wá ṣòro fún mi?”

Mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sílé. Ṣé ó yẹ kí n ti bèèrè ni, Bàbá? Àbí kí n ti tà á? Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, ẹ ò kọ́ mi ní ohun tí màá ṣe tí kò bá sẹ́ni tó mọ ìdí tí mo fi dákẹ́ mọ́.

Wọ́n ti fa wágọ̀nù náà lọ. Mo ṣì máa ń pe Sìkírátù láti ìta kí n tó rántí.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ó máa bi yín. Ẹ mọ̀ ọ́n, kì í tíì jókòó tán tó fi ń bèèrè ọjà. Ẹ má sọ fún un pé òfìfo ló dé. Ẹ ní ọjà ti wọlé.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò ní ẹni tí yóò bi léèrè mọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀yin.