Bí Àna Mi Ṣe Bá Wa Fa Ṣọ́ọ̀bù Jáde

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yìn ń ro mí, síbẹ̀ ẹ̀rín ni mò ń rín.

Òjò àná ló mú kí ṣọ́ọ̀bù onítáyà tí Ṣadé, ìyàwó mi, fi ń ránṣọ rì sínú ẹrẹ̀. A tì í títí, kò mì. Ṣadé bá pe bàbá rẹ̀ ní Ìfọ́n láìsọ fún mi. Wọn ò tẹsẹ̀ bọ Ìlobùú níbí rí látìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn; ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú wọn àti ìlú wa ni kò jẹ́ kí wọ́n wá síbi ìgbéyàwó wa.

Wọ́n dé, wọ́n wo táyà. "Ẹ yé tì í. Ẹ kó ẹrẹ̀ iwájú rẹ̀ kúrò, ẹ tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ká fà á."

Wọ́n bọ́ dàńṣíkí, àwọn náà di okùn mú.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe é."

"Ibẹ̀ lọmọ mi ti ń jẹun. Fà á!"

Ó jáde lójijì. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo nà gbalaja síwájú wọn, ẹrẹ̀ kún ẹnu mi.

Bàbá wò mí títí. "Ìdọ̀bálẹ̀ tó yẹ kí n ti gbà lọ́jọ́ ìgbéyàwó rèé. Mo gbà á. Dìde, ọmọ mi."

Ṣadé ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún. Èmi ò tètè dìde.