Oṣù Kò Tíì Pé

Màmá mi,

Ara mi le, ilé ọkọ sì tù mí lára. Láràárọ̀ ni mo ń dín ẹyin fún àwọn àlejò wa, kí Colman ọkọ mi tó fi bọ́ọ̀sì kó wọn jáde ní Birr lọ wòran. Lánàá, Doolin, ìlú wa létí òkun, ni wọ́n lọ. Mo ti wọ bàtà tán kí ìyá ọkọ mi tó ní, "Ìyàwó, oṣù kan kò tíì pé tá a gbé ẹ. Ṣé káyé máa sọ pé a lé ẹ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ fọ abọ́.

Nígbà tí wọ́n dé, òórùn òkun wà lára aṣọ wọn. Àlejò kan ní ìyá kan dúró nínú òjò níbẹ̀, ó ń yọjú wo gbogbo fèrèsé bọ́ọ̀sì. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ má dúró sínú òjò mọ́ o.

Ọmọ yín,
Attracta