Bí Àpótí Mi Ṣe Fọ́ Tẹlifíṣọ̀n Lójú

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ò ní le mọ́ ọ lọ́wọ́, ẹni tó bá ń fojú burúkú wò ọ́ níbẹ̀ á rí nǹkan mìíràn wò. Àlàáfíà la wà, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n tí o rà fún wa ni mo fẹ́ sọ. Ó tini lójú, ṣùgbọ́n ó sàn kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi ju lẹ́nu télọ̀ aládùúgbò wa lọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ fẹ́ sáré ìje níléèwé, tí o ní a lè máa wò ó nínú áàpù tí o fi sí i, mo pe télọ̀, mo to àga. Àwòrán dé, ó ṣú, bí ìgbà téèyàn ń wo ayé láti inú omi ọṣẹ. Mo fi aṣọ tútù nu ojú tẹlifíṣọ̀n, kò mọ́. Nǹkan róbótó kan ń yí po láàárín rẹ̀, mo ní kí gbogbo ilé dákẹ́ torí ó ń ronú. Ìyá rẹ ní ìrònú náà ti ju gbogbo èyí tí mo ti rò láti ọjọ́ tí mo ti gbé òun níyàwó lọ.

Wọ́n fọn fèrè, wọ́n sáré. Mo rí ẹnì kan tó ga, tó fi gbogbo wọn sílẹ̀ sẹ́yìn, mo fò sókè pé ọmọ wa nìyẹn, ẹsẹ̀ mi ló jogún. Télọ̀ ní òun ò rí ju àwọ̀ lọ. Mo ní ìlara ló bò ó lójú.

Lọ́jọ́ kejì lo sọ fún ìyá rẹ lórí fóònù pé ọmọ gbẹ̀yìn, pé o ti bá a wí, pé kò tilẹ̀ gbìyànjú. Mo ní irọ́ ni, mo fojú mi rí i! Kí n lè fi hàn, mo lọ pe ọmọbìnrin tó ń tún rédíò ṣe ní oríta, torí wọ́n ní eré náà ṣì wà nínú áàpù fún ẹni tó bá fẹ́ tún un wò.

Ó béèrè ibi tí ẹ̀rọ tó ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi àpótí tí mo kàn fún un hàn án. Ṣé o mọ̀ pé mi kì í fi iṣẹ́ káfíńtà ṣeré. Mo ti fi páànù tẹ́ inú rẹ̀ yíká nítorí eku, mo fi àgádágodo tì í. Ó wo àpótí, ó wò mí, ó ní inú afẹ́fẹ́ ni àwòrán ń gbà wọlé, èmi ni mo fi páànù dí i lọ́nà. Ó gbé ẹ̀rọ náà jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó tún béèrè ẹni tó ní kí áàpù máa ṣọ́ dátà lò. Èmi náà ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni áàpù ti bi mí, ta ni wọ́n sì kọ́ nílé tó máa ní òun ò fẹ́ ṣọ́ nǹkan lò? Mi ò mọ̀ pé ara àwòrán ló ti máa yọ ọ́. Ó tẹ ibi tí àwòrán ti ń mọ́ jù, ojú tẹlifíṣọ̀n là, mo rí eruku lára bàtà àwọn ọmọ.

Ọmọ mi, ẹni tí mo pariwo fún kì í ṣe ọmọdé rárá. Tíṣà eré ìdárayá wọn ni, ọkùnrin onírùngbọ̀n, tó ń sáré lọ di okùn mú níbi tí wọ́n máa parí sí. Télọ̀, tó tún wá bá wa wò ó, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní lóòótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ tèmi.

Ìgbà náà la tó rí ọmọ rẹ. Ipò kejì ló wà. Ọmọbìnrin kan ṣubú lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ rẹ bojú wẹ̀yìn, ó dúró, ó padà, ó gbé e dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún rẹ̀, àwọn méjèèjì sì di ara wọn lọ́wọ́ mú títí dé òpin. Ó gbẹ̀yìn lóòótọ́. Ẹ̀rín télọ̀ dá. Ìyá rẹ ní ká tún un wò, ẹ̀ẹ̀mẹrin la wò ó.

Ìwọ ò sí níbẹ̀, ìròyìn lo gbọ́. Èmi jókòó síwájú rẹ̀, mi ò rí i. Jọ̀ọ́, pe ọmọ náà jókòó, kí o bẹ̀ ẹ́, kí o sì sọ ohun tí o ń torí rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ fún un. Kì í ṣe àbùkù fún bàbá.

Fi owó dátà ránṣẹ́ sí wa, torí àwòrán tó mọ́ ń jẹun ju èyí tó ṣú lọ. Fi díẹ̀ lé e fún ọmọbìnrin onírédíò, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní ẹ̀rín tí òun rín nílé wa ti tó òun.

Bí o bá ń sáré, o ò ní ṣubú. Bí o bá sì ṣubú, ẹni tó wà níwájú rẹ á bojú wẹ̀yìn.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.